Ohun tí Ojú Àlejò Kò Rí: Lámèyítọ́ lórí Iṣẹ́ Afinimọ̀nà ní Ojúbọ àti Tẹ́ńpìlì Ilẹ̀ Jàpáànù

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ gan-an ni ìlú Kyoto àti Nara ní ilẹ̀ Jàpáànù, níbi tí àwọn afinimọ̀nà ti ń kó èrò láti ojúbọ kan dé tẹ́ńpìlì mìíràn lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka iṣẹ́ yìí sí òwò lásán. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà, tó mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, tó sì gbọ́ èdè àlejò, ó ti tó o ṣe. Èrò tèmi yàtọ̀ sí èyí. Iṣẹ́ ọnà ni fífi ènìyàn mọ ojúbọ, ó sì yẹ kí á máa ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ bí a ti ń ṣe ti eré orí ìtàgé. Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n kò ju ọ̀kan lọ: afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ ni ẹni tó ń sọ ohun tí ojú kò lè rí lára ilé tí gbogbo ayé ń wò. Ẹni tó kàn ń nàka sí ohun tó hàn sí tẹrú-tọmọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọ́ orí ilé ni ọ̀pọ̀ afinimọ̀nà fi ń ṣí ọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ní Kinkaku-ji, tẹ́ńpìlì aláwọ̀ wúrà tó wà létí adágún omi ní Kyoto, wọn a máa ròyìn Ashikaga Yoshimitsu, alágbára tó tẹ ibẹ̀ dó ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Òótọ́ ni, àmọ́ ilé tí àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ kì í ṣe èyí tí Yoshimitsu kọ́. Mọ́ńkì ọ̀dọ́ kan dáná sun ún ní 1950, wọ́n sì parí àtúnkọ́ rẹ̀ ní 1955. Ní Tōdai-ji ní Nara, ọdún 752 ni wọ́n ya ère Búdà ńlá sí mímọ́. Ogun jó ilé tó bo ère náà ní 1180, ó tún jó o ní 1567. Èyí tó dúró lónìí jẹ́ ti 1709, ó sì kéré sí ti àkọ́kọ́. Ní Sensō-ji ní Tokyo, bọ́ǹbù ló run ilé ìsìn àgbà ní 1945, kọnkéré sì ni wọ́n fi tún un kọ́ ní 1958. Afinimọ̀nà tó bá sọ pé ilé wọ̀nyí ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún ti purọ́ fún àlejò. Èyí tó bá sì ní ilé tuntun lásán ni wọ́n kò tíì sọ òótọ́ délẹ̀, nítorí ìsìn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò kú pẹ̀lú iná. Kí ló wá pẹ́ níbẹ̀? Ìbéèrè tí ó yẹ kí afinimọ̀nà ran àlejò lọ́wọ́ láti dáhùn nìyí.

Ojúbọ ńlá Ise ló dáhùn ún jù. Láti ọdún 690 ni àṣà títún ojúbọ yìí kọ́ ní ogún-ogún ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ilé bá wà lórí ọ̀kan, èkejì á ṣófo. Igi hinoki tuntun ni wọ́n fi ń kọ́lé, wọn a tún ṣe aṣọ, idà àti àwọn ohun ọ̀ṣọ́ òrìṣà lákọ̀tun, lẹ́yìn náà ni wọn a gbé òrìṣà lọ sílé tuntun lóru. Ogun abẹ́lé dá àṣà náà dúró nígbà kan fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé e dìde. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2013 ló pé ìgbà 62; 2033 ni òmíràn ń bọ̀. Àlejò tó bá dé Ise kò ní rí púpọ̀: ọgbà onígi yí ilé ká, aṣọ funfun ta bo ẹnu ọ̀nà, òkè òrùlé nìkan ló yọjú, wọn kì í sì í gba ẹnikẹ́ni láyè láti ya fọ́tò níwájú ibẹ̀. Afinimọ̀nà tí kò mọṣẹ́ á yára kó èrò lọ sọ́jà tó wà nítòsí. Èyí tó mọṣẹ́ á mú wọn yà wo ilẹ̀ tó ṣófo, ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ bí kò ṣe àtíbàbà onígi kékeré tó bo ojú òpó àárín. Níbẹ̀ ni yóò ti ṣàlàyé pé ogún ọdún tó kí gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà fi iṣẹ́ lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó darúgbó. Ọwọ́ tó ń kọ́lé ló pẹ́ ní Ise, kì í ṣe pákó.

Ohun mìíràn tí ojú kò rí ni ọgbẹ́ inú ìtàn. Wọ́n sábà máa ń kọ́ àlejò pé ojúbọ Ṣíntò, ìsìn ìbílẹ̀ Jàpáànù, yàtọ̀ sí tẹ́ńpìlì Búdà. Ní ojúbọ, wọn a bu omi ṣan ọwọ́ òsì, wọn a ṣan ọ̀tún, wọn a yọ ẹnu. Níwájú òrìṣà, wọn a tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, wọn a pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọn a tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Ní tẹ́ńpìlì, wọn kì í pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kọ́ yìí dára, kò sì yẹ kí àlejò ṣe ju bó ti yẹ lọ nílé onílé. Àmọ́ bí afinimọ̀nà bá dúró síbẹ̀, àlejò á rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ni òrìṣà Ṣíntò àti Búdà fi jọ gbé inú ọgbà kan náà. Ìjọba Meiji ló pàṣẹ ní 1868 pé kí wọ́n ya wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì sì wó, ọ̀pọ̀ ère di títà tàbí ohun ìdáná. Ní Nara, àwọn mọ́ńkì tẹ́ńpìlì Kōfuku-ji di àwòrò ní ojúbọ Kasuga, wọ́n sì wó odi tó yí tẹ́ńpìlì náà ká. Lónìí, àwọn àlejò ń bọ́ àgbọ̀nrín lórí pápá tútù níbẹ̀, inú wọn sì ń dùn pé ibẹ̀ tẹ́jú, ó sì gba afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò bá sọ fún wọn pé ọgbà tẹ́ńpìlì tó fọ́ ni díẹ̀ lára pápá yẹn, ó ti fi ìtàn náà pamọ́.

Kì í ṣe ìtàn àjálù nìkan ló ń fara pamọ́. Ní Fushimi Inari, ojúbọ òrìṣà ìrẹsì tó di ti òwò pẹ̀lú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún torii pupa, ìyẹn ẹnu ọ̀nà ojúbọ, ló tò gun òkè lọ. Bí àlejò ti ń gòkè, ọ̀dà pupa nìkan ló ń rí. Ìgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ̀yìn àwọn òpó náà á kọjú sí i, tí yóò sì rí i pé wọ́n fi dúdú kọ orúkọ ẹni tàbí iléeṣẹ́ tó ta torii náà lọ́rẹ, àti ọdún tó ṣe é. Igi a máa jẹrà, torii mìíràn a sì bọ́ sí àyè èyí tó wó. Afinimọ̀nà tó bá ní kí èrò yíjú padà lẹ́ẹ̀kan péré ti fi hàn wọ́n pé ẹ̀jẹ́ àti ìdúpẹ́ àwọn oníṣòwò ló ń gbé ọ̀nà náà ró títí dòní.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ń ba ìdákẹ́jẹ́ jẹ́, pé ẹwà ni àlejò wá wò, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìtàn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní tẹ́ńpìlì Ryōan-ji ní Kyoto, òkúta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú ọgbà, wọ́n sì tò wọ́n débi pé láti ibi tí àlejò ń jókòó, ó kéré tán ọ̀kan á sá pamọ́. Afinimọ̀nà tó bá ń ka òkúta sókè níbẹ̀ ti ba ọgbà náà jẹ́. Ṣùgbọ́n n kò bèèrè pé kí ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọdún àti orúkọ tí kò la ojú ẹnikẹ́ni ni kí wọ́n dín kù; bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sí àyè rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ náà á rí àyè tirẹ̀.

Àríwísí kejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: pé fífi owó mú èrò wọ ibi mímọ́ jẹ́ títa ìsìn, pé onígbàgbọ́ nìkan ló yẹ kó débẹ̀. Ìtàn kò gbè é. Ní ojúbọ Kumano àti Ise, àwọn òjíṣẹ́ ìsìn tí wọ́n ń pè ní oshi ló ń gba àlejò sílé, tí wọ́n ń bọ́ wọn, tí wọ́n ń gbàdúrà fún wọn, owó sì ń wọlé fún wọn títí ìjọba fi fòpin sí iṣẹ́ wọn ní 1871. Owó kọ́ ni ẹ̀bi, àìsí ojúṣe ni. Saihō-ji, tẹ́ńpìlì eléèhọ̀n ní Kyoto, rí ọ̀nà àbáyọ láti 1977: ẹni tó bá fẹ́ wọ ọgbà ní láti kọ́kọ́ gba àyè sílẹ̀, kó sì kópa nínú ìsìn kó tó rin ọgbà. Níbẹ̀, àlejò ṣe nǹkan kí ó tó wo nǹkan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di kánjúkánjú, nítorí pé òfin 1949 tó fi iṣẹ́ afinimọ̀nà olówó sọ́wọ́ àwọn tó ní ìwé àṣẹ ti yí padà ní 2018. Ẹnikẹ́ni ló lè gba owó ṣe é báyìí. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí báyìí, àwọn àlejò ni yóò máa ṣe ìdájọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ sí Jàpáànù, ẹ má ṣe fi iye tẹ́ńpìlì tí wọ́n mú yín dé lóòjọ́ díwọ̀n afinimọ̀nà yín. Ẹ bi í léèrè ohun tó jóná níbẹ̀, ẹni tó tún un kọ́, àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lónìí. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn.