Mọremí Méjì: Àríwísí lórí Sinimá Citation

Ẹni tí ó bá ti wo Citation, sinimá tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2020, yóò rántí orúkọ ọmọbìnrin inú rẹ̀: Mọremí. Èmi kò gbà pé orúkọ náà kàn ṣèèṣì bọ́ sí i. Ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú sinimá náà, ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sì wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Moremi Hall. Nínú ìtàn tí wọ́n kọ́ wa, Mọremí Àjàṣorò jẹ́ kí àwọn ará Ùgbò mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó mọ àṣírí aṣọ ìko tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba Ifẹ̀, ó sì sá padà wá sọ ọ́. Gbogbo ìlú yọ̀. Òun nìkan ni ó san gbèsè rẹ̀, nítorí Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ó fi rúbọ sí odò Ẹ̀sìnmìrìn. Ọ̀rọ̀ Mọremí inú sinimá kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe ìkà sí ni ó tún ń ru ẹrù ẹ̀rí.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Mọremí, tí Temi Otedola ṣe, ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lucien N'Dyare, tí Jimmy Jean-Louis ṣe, jẹ́ ọmọ Senegal tí gbogbo yunifásítì ń wárí fún. Ó fi ìlọ̀kulọ̀ lọ ọmọ náà títí ọ̀rọ̀ fi di ti ipá. Mọremí fi ẹjọ́ sùn, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n sì yí i padà pé ọmọ náà ni ó ń lé òun kiri.

Ibi tí mo ti fún sinimá yìí ní máàkì tó pọ̀ jù ni ibi tí àwọn mìíràn ti ń sùn. Ó gùn ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ, òótọ́ ni, ìrìn àjò lọ sí Senegal àti Cape Verde sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń polówó ọjà fún àwọn arìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n fífà tí ó ń fà yẹn ni ó jẹ́ kí a rí bí nǹkan ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ yin ọpọlọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀rẹ́. Ó di ijó lóde àríyá. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ènìyàn lè gbé lọ bá gíwá kí ó ní, "Ẹ wá wo ohun tí ó ṣe." Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nígbà tí àwa ará ilé jọ wò ó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá mi bi: "Kí ni òun náà lọ ṣe nílé rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò bi í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ tún apá àkọ́kọ́ sinimá náà wò, ìdáhùn wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń fún ọ ní máàkì, tí yóò kọ lẹ́tà tí ìwọ yóò fi rí iṣẹ́, ni ó pè ọ́. Bí o bá lọ, wọ́n á ní o lọ. Bí o kò bá lọ, wọ́n á ní o gbéraga sí àgbà.

Níbi tí sinimá náà ti já mi kulẹ̀ ni ti àlejò tí ó fi ṣe ọ̀daràn. Ní ọdún 2018, ọ̀jọ̀gbọ́n tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìbálòpọ̀ fún máàkì kì í ṣe àlejò. Ní ọdún 2019, BBC gbé Sex for Grades jáde, Yunifásítì Èkó àti ti Ghana ni wọ́n sì ti fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ ká àwọn olùkọ́ mọ́. Ọmọ ilé ni wọ́n. Wọ́n ń kọ́ni, wọ́n sì ń jókòó níwájú níbi ayẹyẹ. Ó rọrùn láti kórìíra ẹni tí ó ń sọ Faransé ju ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún lọ.

Ohun kejì ni irú ọmọ tí wọ́n ní kí a gbà gbọ́. Mọremí mọ̀wé, ó gbọ́ èdè púpọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí nígbà tí ó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá kọ́kọ́ ń fún un ní owó ọkọ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní owó oṣù rẹ̀ kò ní jẹ́ ní iwájú mọ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni yóò ti máa gbà á, lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ. Ó fi owó oṣù méjì sílẹ̀ níbẹ̀, kò padà lọ. Nínú ẹbí, ohun tí wọ́n sọ ni pé kò lè fara da iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ wo ni yóò lọ jókòó níwájú rẹ̀? Ọ̀gá ni ìgbìmọ̀.

Òfin wà o. Òfin ìwà ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé ẹni tí ó bá fi ìlọ̀kulọ̀ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. National Industrial Court ní àṣẹ láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bí ó bá ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, ní ọdún 2013 ó sì dá obìnrin kan láre tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó kọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Irú nǹkan báyìí ni mo rò pé sinimá tó gùn tó èyí yẹ kó rí àyè fún: kí ọmọ náà kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ó má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, kí ó sọ fún ẹnì kan ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹlẹ́rìí lè wà.

Èdè ni ó kàn. Ìwọ̀nba Yorùbá ni a gbọ́ nínú Citation. Gẹ̀ẹ́sì ni ìgbìmọ̀ ń sọ, orúkọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ sì wà nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ nílé ni pé, "Ọ̀gá yẹn ń yọ mí lẹ́nu." Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń sọ pé ẹ̀fọn ń yọni lẹ́nu, pé eyín ń yọni lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ní kí ó ní sùúrù, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ eyín. Kúnlé Afọláyan mọ sinimá Yorùbá í ṣe, Aníkúlápó tí ó gbé jáde ní ọdún 2022 kò jẹ́ kí n parọ́. Bí yóò bá tún fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí, kí ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ó jẹ́ Yorùbá, n ó sì fẹ́ wo ọ̀rọ̀ tí yóò fi sí ọmọ náà lẹ́nu tí ìyá rẹ̀ yóò fi dìde lórí ìjókòó.