Oríkèé Ni Kẹ́ Ẹ Yìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Ogun Inú Halo 3

Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ ọmọ mi ló gbé páàdì géèmù lé mi lọ́wọ́. Halo 3 ló gbé sí i. Kò pẹ́ tí Scarab fi yọ: ẹ̀rọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Mo da ìbọn bò ó láyà, kò mira. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín: “Bàbá àgbà, ẹ fi àyà ẹ̀ sílẹ̀ jàre. Oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yìn.” Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, òun wo bó ṣe ń rìn ni.

Àwọn kan gbà pé ìrẹ́jẹ ni ibi ẹlẹgẹ́ tí wọ́n máa ń fi sára ẹ̀rọ ńlá nínú géèmù. Wọ́n ní ta ni yóò kọ́ ọkọ̀ ogun, tí yóò wá ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ogun gidi pàápàá ní tirẹ̀. Irin iwájú táǹkì ló máa ń nípọn jù, torí iwájú ló ń kọ sí ọ̀tá. Ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá nípọn bákan náà, ìwúwo ni ò ní jẹ́ kó rìn dáadáa. Ohun tó máa gbẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ ní oríkèé.

Ibi tí Halo 3 ti dára nìyẹn. Nínú Halo 2 (2004), ojú ọ̀nà kan tí wọ́n ti là sílẹ̀ ni Scarab ń tọ̀. Èèyàn á bẹ́ lé e látòkè, á pa àwọn tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Bungie gbé Halo 3 jáde lọ́dún 2007, wọ́n jẹ́ kó máa dá rìn kiri, kó máa wá ẹni tó máa yìn. Bí ìbọn ńlá bá ba oríkèé rẹ̀ tó, á kúnlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ìgbà yẹn lo lè gorí ẹ̀, kó o jà dé ìdí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. O sì lè dúró lóde, kó o fọ́ irin tó bo ẹ̀yìn náà. Bó bá ti bàjẹ́, tètè bẹ́ sílẹ̀ o, torí ó máa bú gbàmù! Ohun tó fi ń rìn àti ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ gan-an la fi mú un.

Àṣà tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n máa fi iná pupa tàbí àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yanran sàmì síbi tó yẹ ká yìn, láìsí ìdí kankan tí ibẹ̀ fi jẹ́ ẹlẹgẹ́. Ọdẹ tó bá erin pàdé kò retí kí ẹnikẹ́ni ti fi ẹfun sàmì sí i lára. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, mo mọ̀ pé olùkọ́ tó fàlà pupa sábẹ́ ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ọmọ mi yẹn wo ẹsẹ̀, ó ronú, ó yìn. Géèmù tó bá gba ìwòye yẹn lọ́wọ́ ọmọdé, ìka rẹ̀ nìkan ló ń kọ́.