Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Kò Tó Tún Ilé Ṣe

Bí ọ̀ràn bá dé bá ìdílé kan ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, tí ìjọba sì fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, ètò kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Homebuilders ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1974, ó sì ti dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. A fẹ́ sọ ibi tí ó dára àti ibi tí ó kù sí.

Ohun tí a kọ́kọ́ yìn ni pé inú ilé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í ní kí ìyá tí ìdààmú bá wá jókòó dè wọ́n ní ọ́fíìsì. Láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá gbọ́, òṣìṣẹ́ ti yẹ kí ó dé. Ìdílé méjì péré ni ẹnì kan ń bójú tó lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì lè pè é lóru. Bí abọ́ bá kún ilé ìdáná, ó lè bá wọn fọ̀ ọ́, kí ọ̀rọ̀ máa lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó dàgbà ní agbo ilé mọ èyí dáadáa: nídìí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà ni àwọn ìyá wa ti ń parí ìjà tọkọtaya.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Gbèsè, àìsàn, àti iṣẹ́ òru tí kì í jẹ́ kí òbí rí ọmọ kì í tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí èsì ìwádìí ńlá kan lórí irú iṣẹ́ yìí ní Illinois jáde ní 1994, wọn kò rí i pé ó dín iye ọmọ tí a ń kó kúrò nílé kù. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ ni a kì bá tí gba ọmọ wọn tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ lè rí owó gbà fún irú ìrànlọ́wọ́ báyìí títí di oṣù 12. Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kì í dàgbà ní oṣù 12.

Ẹ̀bi kan àwa náà. A fi agbo ilé sílẹ̀ nílé, a kò sì dá òmíràn sílẹ̀ níhìn-ín. Bí nǹkan bá bàjẹ́, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó wọ aṣọ ẹbí lọ sóde ní Sátidé, a ó máa rẹ́rìn-ín. Àwọn tí a jọ jó kò ní mọ̀ títí olùkọ́ ọmọ yóò fi pe ìjọba. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ́rẹ̀húru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nítorí náà, ìdílé tí wọ́n bá fi irú ètò yìí lọ̀, kí ó gbà á. Kí ẹgbẹ́ wa sì yan ìyá méjì àti bàbá méjì tí yóò máa yà sí irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá ti lọ. A kò ní kí a bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀ o: bí ọmọ bá wà nínú ewu, ẹ̀mí rẹ̀ ṣáájú orúkọ ìdílé. Ẹni tí ó wá lọ́jọ́ ìṣòro ṣeun. Ẹni tí ó tún yà wá lóṣù kẹfà ni ará ilé.