Ọ̀nà Tí Afẹ́fẹ́ Yóò Gbà

Nínú gbogbo iṣẹ́ ère, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí oníbàárà kì í rí: ìrònú tó máa ń ṣáájú kí a tó po sílíkóònù. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí bàjẹ́.

Orí obìnrin Kànúrí kan tí mo fi amọ̀ mọ ló wà níwájú mi ní Bulumkutu, ní Maiduguri, báyìí. Irun dídì rẹ̀ yọ sókè láàárín orí, láti iwájú dé ìpàkọ́. Àgbọ̀n rẹ̀ yọ síta. Rẹ́síìnì ni màá fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìdí ọrùn ni màá ti dà á, nítorí náà mọ́ọ̀dù yóò dorí kodò. Bó bá ti dorí kodò, abẹ́ imú, abẹ́ àgbọ̀n àti ìsàlẹ̀ etí ti di òkè nìyẹn, òkè sì ni afẹ́fẹ́ máa ń sá lọ. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, ère á jáde láìní ṣóńṣó imú. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan so ìsàlẹ̀ etí kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí ọrùn kí n tó kun sílíkóònù tí yóò di mọ́ọ̀dù. Tí mo bá fa ìgbálẹ̀ yọ, ihò rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò gbà. Ní ti imú, mo máa ń fi nǹkan gbé ẹ̀yìn mọ́ọ̀dù sókè díẹ̀ kí ojú ère lè wolẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gba ètè àti àgbọ̀n rìn lọ sí ọrùn wẹ́rẹ́.

Àwọn tó ṣe orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938 mọ ọ̀ràn ìrònú ṣáájú yìí dáadáa. Ìda ni wọ́n fi ṣe ère, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda kúrò, wọ́n da idẹ sí àyè rẹ̀, wọ́n wá fọ́ amọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mọ́ọ̀dù wọn wúlò! Mọ́ọ̀dù tèmi á tún ṣí, á tún pa dé, síbẹ̀ mi ò rò pé èmi ronú ju àwọn lọ.

Ibi tí màá ti la mọ́ọ̀dù ńkọ́? Mi ò jẹ́ gba ojú tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá láé, nítorí àpá ìlà níbẹ̀ kì í ṣeé gbo kúrò láìgbo awọ ère mọ́ ọn. Àárín irun dídì ni mo gbà, títí dé ìpàkọ́. Kọ́lọkọ̀lọ ni mo fi ọ̀bẹ là á, kí ẹnu méjèèjì lè mọ ara wọn nígbà tí mo bá pa á dé.

Ojú ọjọ́ wa náà ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú oṣù Kẹrin, tí ooru bá ń kọjá 40°C, mo máa ń dín catalyst, ohun tó ń mú rẹ́síìnì gan, kù láti ìdá 2 sí ìdá 1 nínú 100, ìdájí ni mo sì ń dà á. Ọyẹ́ yàtọ̀: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni irú sílíkóònù tí mò ń lò fi ń gan, ọyẹ́ kì í sì í ní i. Mo máa ń fi í sílẹ̀ pẹ́.

Sílíkóònù rọ̀, èèpo POP ló ń dì í mú. POP kì í tẹ̀, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ fi sílíkóònù kún ẹ̀yìn etí àti abẹ́ àgbọ̀n kí èèpo má baà há. Apá méjì ló sábà máa ń tó, ṣùgbọ́n àgbọ̀n yìí yọ jù. Mẹ́ta ni màá ṣe: ọ̀kan fún iwájú ọrùn, méjì fún ẹ̀gbẹ́ orí.