Ta ló jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́? Àtúnkà àpilẹ̀kọ Raymond Prince

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín pè mí láti Òrè. Òdìgbó ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ó sì ń ṣe másítà nínú clinical psychology. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti yege ìdánwò kíláàsì, tísíìsì ni ò tíì parí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Prof, mo fẹ́ pa á tì. Tí mo bá ti ṣí ìwé báyìí, orí mi á máa gbóná, á dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú ẹ̀. Mò ń kà á, kò wọlé."

Ohun tó sọ yẹn ti wà lákọsílẹ̀ láti 1960. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aró l'Ábẹ́òkúta, ló kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí irú ẹ̀ ń ṣe, ó sì pè é ní brain fag. Mo lọ fa àpilẹ̀kọ náà yọ, mo tún un kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un ní iyì rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀. Orí gbígbóná, ojú tó ń dùn, ìwé tí kò wọlé: ó kọ wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn, kò kà wọ́n sí ọ̀lẹ. Ibi tó ti ń wá ìdí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ òyìnbó ń fẹ́ kéèyàn dá ṣiṣẹ́, kó wà létòlétò, kó dá ẹrù ara rẹ̀ rù, àti pé èyí ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà láàárín agbo.

Èmi ò gbà. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹsẹ inú Odù 256. Ṣé ìyẹn ò létò ni? Ètò kọ́ ló ṣàjèjì sí wa. Ohun tó ṣàjèjì ni pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ fúnni, kí wọ́n sì yí ẹ̀yìn padà. Olúwo á bi ọmọ awo ní ti àná kó tó fún un ní tòní.

Orúkọ àrùn náà gan-an kì í ṣe tiwa. Oyèdèjì Ayọ̀nrìndé ti fi hàn pé àwọn òyìnbó Bìrìtìkó ti ń lo brain fag fún ara wọn ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. DSM-IV ti 1994 kọ ọ́ mọ́ àìsàn tó jẹ mọ́ àṣà. DSM-5 ti 2013 ò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́, ó kàn dárúkọ rẹ̀ lábẹ́ kufungisisa ti àwọn Shona.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Aró. Láti 1954 ni Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí kan lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dókítà tó ṣiṣẹ́ níbi tí wọn ò ti fi aláìsàn sílẹ̀ ní òun nìkan ò béèrè pé ta ló jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́.

Àmọ́ kí n tó bú Prince tán, èmi náà jẹ̀bi. Ní Boulder, l'Ámẹ́ríkà, ní 1949, ni wọ́n ti fẹnu kò pé onímọ̀ clinical psychology gbọ́dọ̀ jẹ́ olùwádìí, kó sì tún jẹ́ olùtọ́jú. Ohun mẹ́ta ló wá di ọ̀kan: kíláàsì, ilé ìwòsàn, tísíìsì. Àwa olùkọ́ wá ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ọkọ̀ tó wà nínú gosiló. Àìmọye yín ni mo sọ fún pé, "Lọ ṣe ìdánwò ẹ tán ná, ká tó sọ̀rọ̀ àkòrí." Àṣìṣe ni.

Èyí ni mo ń sọ báyìí. Kí sẹ́mẹ́sítà kìíní tó parí, mú ìbéèrè kan, kó sì jẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ò ń tọ́jú. Ará Òrè ò nílò láti lọ jìnnà: títì Èkó sí Benin gba ìlú wọn kọjá, ẹni tó bá sì yè nínú jàǹbá ọkọ̀ lè máa bẹ̀rù láti tún wọkọ̀. Bẹ̀rẹ̀ ìwé àṣẹ ìwádìí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ nígbà tó o ṣì wà ní kíláàsì, torí ó lè gba oṣù. Kọ wákàtí tó o lò nílé ìwòsàn sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọ̀gá buwọ́ lù ú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Tí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíràn, ta ló máa jẹ́rìí ẹ? Lẹ́yìn náà, dá ọjọ́ pẹ̀lú alábòójútó ẹ, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, bó ṣe ojú ewé kan péré lo ní lọ́wọ́.

Ẹni tí orí ẹ̀ bá sì ń gbóná títí, kó wá ìtọ́jú. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú náà lè ṣàìsàn.

Ọmọ Òrè yẹn wá sílé mi ní Sátidé. Alábòójútó rẹ̀ ti rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tó fi rọ́pò. Láti bí ọdún kan, ẹnì kankan ò bi í léèrè iṣẹ́. A kọ déètì mẹ́fà sẹ́yìn ìwé ẹ̀. Ó ní, "Prof, mi ò tíì sọ pé mò ń padà o." Mo ní kò burú, kó ṣáà mú ojú ewé kan wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Mo ti kọ ọjọ́ náà sí kàlẹ́ńdà tèmi náà.