Ojú Abẹ Lára Búrẹ́dì

Kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpò tí àwa ará Ìjàrà-Ìsin ń gbà kọjá lọ sí Ìlọrin ni mò ń wí o. Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ Benin ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Aago mẹ́ta òru ni mo dúró ní bẹ́kìrì kan níbẹ̀, tí mò ń wo ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń fi abẹ kọ búrẹ́dì nílà.

Fùláwà, omi, iyọ̀, yíìsì: ohun tó pò pọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ṣúgà, kò sí bọ́tà, kò sí adùn kan tí yóò bo àṣìṣe ọwọ́ mọ́lẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti pò ó, tó fi í sílẹ̀ kó máa wú ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà tó gé e tán, ó tẹ ìṣù kọ̀ọ̀kan pẹrẹsẹ, ó ká a, ó fi ìdí ọwọ́ tẹ etí rẹ̀ pa, ó wá ń yí i lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun, títí tó fi gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Baguette àwọn Faransé nìyẹn, ọ̀pá lásán ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ó tẹ́ wọn sórí aṣọ ọ̀gbọ̀, ó ṣẹ́ aṣọ náà po sáàárín wọn kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Mo na ìka sí ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ó ń sùn."

Lẹ́yìn náà ló mú abẹ. Abẹ ìfárí tín-ínrín ni, tó há sórí igi pẹlẹbẹ. Kò gbé e dúró ṣánṣán. Ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó fẹ́ bó awọ ẹran, ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà márùn-ún, tí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ kí ìdí èyí tó ṣáájú tó parí. Àwọn olóólà ló sọ sí mi lọ́kàn. Olóólà tó bá padà sórí ojú ilà lẹ́ẹ̀kejì ti ba ojú ọmọ jẹ́. Àwọn Faransé náà máa ń sọ pé ilà yìí ni a fi ń mọ oníbúrẹ́dì tó ṣe é, àfi bí ẹni ń wo pélé láti mọ ọmọ ilé ibi tó ti wá. Ẹwà nìkan kọ́ ló sì wà fún. Afẹ́fẹ́ inú ìṣù ń wá ọ̀nà àtijáde nígbà tí iná bá kàn án. Bí a kò bá la ọ̀nà fún un, ibi tó bá wù ú ni yóò gbà bẹ́.

Ó da omi díẹ̀ sínú ààrò, ooru rú. Ooru náà ló jẹ́ kí ara búrẹ́dì rọ̀ títí tó fi wú tán, kó tó wá le, kó pọ́n, kó máa dán. Ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀, ó fà wọ́n jáde. Ó fi ìka kan ìdí ọ̀kan, ó dún bí igbá tó ṣófo. Ó ní kí n gbétí sí i. Èèpo tó ń tutù ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Búrẹ́dì tiwa, irú èyí tí Amos Shackleford, ará Jamaica tó dá bẹ́kìrì sílẹ̀ l'Ékòó ní 1921, sọ di oúnjẹ gbogboogbò, ará ìrìn-àjò ni. Ó rọ̀, ó dùn, ó lè ti Ọ̀mù-Àrán dé Ìjàrà kó sì lo ọjọ́ mẹ́ta lórí tábìlì. Baguette kì í ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí Faransé fi ń lọ sí bẹ́kìrì lójoojúmọ́, tí yóò ti já ṣóńṣó rẹ̀ jẹ lọ́nà kó tó délé. Ẹni tó bá wọlé tó ń nawọ́ sí búrẹ́dì láìkọ́kọ́ sọ "bonjour" yóò rí ojú burúkú. Èyí kò ní ṣòroó yé ọmọ Yorùbá. Wọ́n ní "vous" fún àgbà àti àlejò, "tu" fún ọ̀rẹ́, bí "ẹ" àti "o" tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń pe bàbá tó bí wọn ní "tu". Ní Ìjàrà, ẹjọ́ nìyẹn.

Ohun tí àwọn Faransé ń jẹ, òfin ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Láti 1993, búrẹ́dì tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ "tradition" kò gbọdọ̀ ní àfikún kẹ́míkà, ìṣù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ inú yìnyín. Ọdọọdún ni Paris ń ṣe ìdíje baguette, ẹni tó bá gbégbá orókè ni yóò máa gbé búrẹ́dì lọ sílé ààrẹ fún ọdún kan. Djibril Bodian, tí ìdílé rẹ̀ ti Senegal wá, gbà á ní 2010, ó tún gbà á ní 2015. Ní 2022, UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí sínú ìwé ogún aráyé.

Ní Àjàṣẹ́, mo ra baguette mẹ́ta dání. Kí n tó kọjá Sèmè, kí n sun Èkó, kí n délé, wọ́n ti le gan-an. Ìyá mi gbé ọ̀kan, wọ́n fi lu etí tábìlì.

"Ṣé wọ́n ní kí o máa fi ti ilẹ̀kùn ni?"

Wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì, wọ́n rẹ ẹ́ sínú tíì gbígbóná. Mi ò tíì sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn Faransé ń ṣe é láàárọ̀.