Ọkọ̀ Gokstad, Ọkọ̀ Abidjan

Bí olùkọ́ bá dárúkọ àwọn Viking ní kíláàsì, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni jagunjagun onírùngbọ̀n tí ó dé àṣíborí oníwo méjì, tí ó sì dúró níwájú ọkọ̀ olórí dírágónì. Dírágónì náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni ìwo. Àwọn awalẹ̀pìtàn kò tíì hú àṣíborí Viking kan ṣoṣo tí ó ní ìwo jáde. Carl Emil Doepler, ayàwòrán ará Jámánì tí ó ṣètò aṣọ fún eré olórin Wagner ní Bayreuth ní ọdún 1876, wà lára àwọn tí ó dé ìwo náà mọ́ wọn lórí, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ọnà tí ó bá dùn-ún wò a máa bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ní ọdún 1910 Leo Frobenius, ará Jámánì mìíràn, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ tí a ń pè ní ti Olókun, ẹwà rẹ̀ sì pọ̀ lójú rẹ̀ dé ibi pé kò lè gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú ni ó ti jáde. Ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ kan tí wọ́n gba ojú òkun wá tẹ̀dó ni ó ni iṣẹ́ náà, pé ìyókù Atlantis ni Ifẹ̀. Bí Doepler ti fi ìwo tí kò sí dé orí Viking, bẹ́ẹ̀ ni Frobenius mú ọkọ̀ tí kò sí gúnlẹ̀ sí Ifẹ̀.

Nítorí náà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí lámèyítọ́ lọ wò. Ní ọdún 1880 ni a hú ọkọ̀ Gokstad jáde láti inú òkìtì ibojì kan ní Nọ́wè. A kàn án ní nǹkan bí ọdún 890. Ó gùn ju mítà 23 lọ, ó fẹ̀ tó mítà 5, àjẹ̀ 32 ni a fi ń wà á, a sì to asà 64 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, dúdú kan, yẹ́lò kan. Pákó óákù 16 ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. A gbé ọ̀kan lé etí èkejì bí ìpẹ́ ẹja, a sì fi ìṣó irin kàn wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n tí ó ga jù níbẹ̀ ni pé a kò kan àwọn pákó ìsàlẹ̀ mọ́ egungun ọkọ̀. Síso ni a so wọ́n. Bí ìgbì bá dé, ara ọkọ̀ a tẹ̀, a sì tún nà. Ní ọdún 1893 Magnus Andersen wa àfijọ rẹ̀ láti Bergen dé Newfoundland ní ọjọ́ 28, kí ó tó gbé e dé ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago. Ó jẹ́rìí pé etí ọkọ̀ náà a máa yí kúrò lójú ìlà tó ìnṣì 6 nínú ìgbì, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò já.

Ọkọ̀ Oseberg, tí a hú ní ọdún 1904, ni ó gbayì jù lọ́dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé ọnà. Obìnrin méjì ni a sin pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún 834, ẹranko tí a gbẹ́ sí iwájú àti ìdí rẹ̀ sì lọ́ mọ́ra wọn débi pé ojú kò lè tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n láti tìtorí rẹ̀ gbé Oseberg ga ju Gokstad lọ, ìdájọ́ tí kò tọ̀nà ni. Lára Oseberg, a lè yọ ọnà kúrò kí ọkọ̀ ṣì kù; ní ti Gokstad, ìtẹ̀kọrọ̀ pákó náà gan-an ni ọnà, kò sí ohun tí a lè yọ. Àwọn tí ń gbẹ́ ìlù nílẹ̀ Yorùbá kò ní janpata lórí èyí. Bí a bá fi ọnà bo ara gbẹ̀du tán tí kò dún, ta ni yóò jó sí i?

Kíkàn ni àwọn Viking ń kan ọkọ̀. Gbígbẹ́ ni àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn ará ọ̀sà ń gbẹ́ tiwọn láti ara ìtì igi kan láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè Yorùbá lò fún gbígbẹ́ ọkọ̀ àti gbígbẹ́ ère, èyí sì tó ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lè fi ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ọgbọ́n gbígbẹ́ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ ènìyàn dúdú. Ọkọ̀ Dufuna, tí darandaran kan bá pàdé níbi tí ó ti ń gbẹ́ kànga ní ọdún 1987, níbi tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, gùn ju mítà 8 lọ, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Iwájú àti ìdí rẹ̀ mú ṣónṣó. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kì í ṣe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ibi tí àwọn Viking ti ṣe ohun tí Yorùbá kò ṣe ni ewì. Akéwì wọn kì í sábà pe ọkọ̀ ní ọkọ̀. Ó lè pè é ní ẹṣin òkun. Ní nǹkan bí ọdún 1220 Snorri Sturluson ará Iceland kọ ìwé tí ó fi kọ́ àwọn akéwì ní irú àpèjẹ́ wọ̀nyí, kí wọ́n má baà parun. Òǹkàwé Yorùbá yóò rò pé oríkì ni. Ó jọ ọ́, kò sì jọ ọ́. Oríkì a máa fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí a ń kì, ohun tí ó ṣe àti ibi tí ó ti ṣe é. Àpèjẹ́ àwọn ará Iceland lè bá ọkọ̀ èyíkéyìí mu. Òyìnbó tí ó bá pe méjèèjì ní nǹkan kan náà kò tíì gbọ́ oríkì dáadáa.

Kí ni ìlú bíi Másífà, tí kò sí lẹ́bàá òkun tàbí ọ̀sà, fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣe? Kí a kọ́kọ́ gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ní ìdíkọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wíwà ni awakọ̀ ń wà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mú àjẹ̀ lọ́wọ́, ìdíkọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì jìnnà sí èbúté. Omi ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti jáde kí wọ́n tó gun òkè. Ẹni tí kò rí ọ̀sà rí ń sọ èdè atukọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Láti ìgbà ìjọba òyìnbó ni àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Ivory Coast, débi pé a ń gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò. Láti Èkó nìkan, ọ̀nà Abidjan tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ààlà mẹ́rin ni a ó sì rékọjá: ti Benin, ti Togo, ti Ghana àti ti Ivory Coast. Ìjọba Busia lé àjèjì kúrò ní Ghana ní ọdún 1969. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Ivory Coast ní ọdún 2002, ìjà ìdìbò sì tún dé ní ọdún 2010. Àwọn kan sá wálé, àwọn kan tún padà lọ.

Níbi yìí ni àwọn Viking ti wúlò jù fún ẹni tí ń kọ́ ìtàn Èjìgbò. Ọkọ̀ ogun ni àwòrán ń fi hàn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù, èyí tí ó fẹ̀ nínú tí kò sì yá nílẹ̀, ni ó gbé ìyàwó, ọmọ àti àgùntàn dé Iceland. A rí ọ̀kan nínú ọkọ̀ márùn-ún tí a hú jáde nínú omi Roskilde ní Denmark ní ọdún 1962. Mítà 16 péré ni gígùn rẹ̀. Igi páìnì Nọ́wè ni a fi kàn án, óákù ibòmíràn ni a sì fi tún un ṣe nígbà tí ó ń gbó lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ka ìrìn-àjò rẹ̀ lára pákó rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbẹ́ dírágónì kan sí i lára, síbẹ̀ òun ni ó ní ìtàn láti sọ.

Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá kò fojú fo irú nǹkan báyìí. Ní agbègbè Kétu, alùpùpù àti ọkọ̀ òfurufú ti gun orí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Abidjan kò tíì rí agbẹ́gi tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń kọ ìwé lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá kì í ka ọ̀rọ̀ tí a kọ sí iwájú bọ́lẹ̀kájà sí iṣẹ́ ọnà. Àṣìṣe ńlá nìyí. Ẹni tí ó kọ àdúrà tàbí òwe sára pákó ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó mú ọ̀nà ààlà mẹ́rin pọ̀n, ohun tí ẹni tí ó gbẹ́ orí dírágónì ṣe ni òun náà ṣe: ó ń bá ọ̀nà sọ̀rọ̀ kí ọ̀nà tó bá a sọ̀rọ̀.

A rì ọkọ̀ Roskilde náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òkúta ní nǹkan bí ọdún 1070 láti fi dí ọ̀tá lọ́nà, ẹrọ̀fọ̀ sì tọ́jú rẹ̀ fún bí 900 ọdún. Bọ́lẹ̀kájà kò ní irú ẹrọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀. Irin rẹ̀ ti di yíyọ́, ikán ti jẹ pákó rẹ̀, ohun tí a kọ síwájú rẹ̀ sì kù sí ẹnu àwọn tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ, ní Másífà, ní Èjìgbò àti ní Abidjan, tí wọ́n ti di arúgbó.